Kí ló dé tí ẹnu àwọn òǹkàwé kì í kò lórí ìwé ìtàn òṣèlú ọjọ́ iwájú?

Bí ẹnì kan ní Kàbà tàbí Ìsánlú bá fẹ́ ra ìwé ìtàn àròsọ tó dá lórí òṣèlú, irú èyí tí ìṣẹ̀lẹ̀ inú rẹ̀ kò ju ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá lọ sí àsìkò tí a wà yìí, tó sì kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn tó ti kà á sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orí rẹ̀ á dàrú. Ẹnì kan á ní òun kò gbé ìwé náà sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Èkejì á ní irọ́ pọ́ńbélé ni, irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ níbikíbi. Ẹ̀kẹta á ní ẹgbẹ́ òṣèlú kan ló rán òǹkọ̀wé níṣẹ́. Ìwé kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kà, kò sì sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Ìbéèrè tí oníkálùkù ń dáhùn ló yàtọ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ṣé ohun tí ìwé yìí sọ lè ṣẹlẹ̀? Ìkejì: ta ni ìwé náà ń gbè? Ìkẹta: ṣé òǹkọ̀wé mọ ìtàn sọ? Nínú ìwé ìtàn ìfẹ́, ìkẹta nìkan ló sábà máa ń jẹ òǹkàwé lógún. Nínú ìtàn àtijọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, a lè wádìí rẹ̀. Inú ìtàn òṣèlú ọjọ́ iwájú ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń wọ́ ara wọn láṣọ, nítorí pé ojú ẹnikẹ́ni kò tíì tó ohun tó ń sọ, síbẹ̀ gbogbo wa la mọ ènìyàn tó jọ àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó fún irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ìràwọ̀ kan nínú márùn-ún lè máa bínú sí olóṣèlú, ó lè máa bínú nítorí òfin, ó sì lè jẹ́ pé bí òǹkọ̀wé ṣe ń fa ọ̀rọ̀ gùn ló sú u. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo náà ló máa hàn sí wa.

Ẹ jẹ́ ká fọkàn dá ìwé kan sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa. Ọdún 2035 ni. Wọ́n dìbò gómìnà ní ìpínlẹ̀ Kogí. Èsì kò tíì pé nígbà tí Ààrẹ kéde ìjọba pàjáwìrì, ó ní kí gómìnà lọ jókòó sílé, ó sì fi ọ̀gágun kan tó ti fẹ̀yìn tì sí Lọ́kọ́ja. Ọ̀kan nínú àwọn olùdíje kú lóru ọjọ́ náà. Òṣìṣẹ́ àjọ elétò ìdìbò kan, ọmọbìnrin tó ń ti Kàbà bọ̀, ló gbé ìwé èsì dání, àwọn kan sì ń lé e. Irú ìwé yìí kò sí lọ́jà o. A kàn fẹ́ fi í wo bí a ṣe ń tú èrò òǹkàwé palẹ̀ ni.

Ká ní òǹkàwé kan kọ ọ́ pé: “Ààrẹ kò lágbára láti yọ gómìnà. Òǹkọ̀wé yìí kò mọ òfin.” Ó yẹ ká bi í pé, ṣé òfin ló ń sọ ni, àbí ìṣe? Abala 305 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ló fún Ààrẹ láyè láti kéde ìjọba pàjáwìrì, kò sì síbi tó ti mẹ́nu ba yíyọ gómìnà nínú rẹ̀. Níbi òfin, òǹkàwé náà rí nǹkan wí. Níbi ìṣe ńkọ́? Ààrẹ fi alákòóso sí ipò gómìnà ní Plateau ní 2004, ní Èkìtì ní 2006, ní Rivers ní oṣù kẹta ọdún 2025. Ní 2013, nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀ ní Borno, Yobe àti Adamawa, àwọn gómìnà kò kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, “kò lè ṣẹlẹ̀” kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ó sì ti kọ̀ láti ṣẹlẹ̀ rí.

Ohun tí òǹkàwé tó mọ ọ̀rọ̀ náà dunjú máa wò ni bóyá òǹkọ̀wé rántí àwọn aṣòfin. Ìkéde náà gbọ́dọ̀ dé iwájú ilé ìgbìmọ̀ méjèèjì l'Ábújá, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé sì fọwọ́ sí i: sẹ́nétọ̀ 73 nínú 109, aṣojú-ṣòfin 240 nínú 360. Bí ilé bá ń jókòó lọ́wọ́, ọjọ́ méjì péré ni ìkéde náà ní láti fi mí. Bí wọn kò bá sí ní ìjókòó, ọjọ́ mẹ́wàá ni. Bí wọn kò bá fọwọ́ sí i láàárín ìgbà yẹn, ó ti kú nìyẹn. Òfin fúnra rẹ̀ ti gbé aago lé òǹkọ̀wé lọ́wọ́: ọjọ́ méjì, sẹ́nétọ̀ 73, ta ni yóò jí dìde lóru láti lọ ka orí? Òǹkọ̀wé tí irú nǹkan báyìí wà níkàáwọ́ rẹ̀, tó wá jẹ́ kí sójà dé Lọ́kọ́ja láìsí aṣòfin kan tó wúkọ́, ó ti da epo sínú iyanrìn. Bí ẹ bá rí òǹkàwé tó béèrè pé “àwọn aṣòfin dà?”, ẹ fọkàn sí ohun tó kù tó bá sọ. Ẹni yẹn kàwé.

Òǹkàwé mìíràn lè ní ikú olùdíje yẹn ti pọ̀ jù, pé òǹkọ̀wé kàn ń wá ohun tí yóò fi já wa láyà. Ará Kogí kò ní tètè sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún 2015 ni wọ́n dìbò gómìnà níbí. Abubakar Audu fi ìbò 41,353 ṣáájú, ṣùgbọ́n ibùdó ìdìbò 91 wà tí ìbò kò ti wáyé tàbí tí wọ́n ti fagi lé e, orúkọ olùdìbò 49,953 ló sì wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ibẹ̀. Nítorí pé iye yìí ju ìbò tó fi ṣáájú lọ, INEC ní ìdìbò kò tíì parí. Audu kú ní ọjọ́ 22, nígbà tí wọn kò tíì pe orúkọ ẹnikẹ́ni. James Faleke, ọmọ Ẹ̀kìnrìn-Àdè ní Ìjùmú, ni wọ́n jọ dupò gẹ́gẹ́ bí igbákejì. Abala 181 sọ pé bí ẹni tí wọ́n ti dìbò yàn bá kú kó tó búra, igbákejì rẹ̀ ni yóò búra wọlé. Ṣùgbọ́n ṣé a lè pe ẹni tí wọn kò tíì kéde ní ẹni tí wọ́n ti dìbò yàn? Ẹgbẹ́ Audu fi Yahaya Bello rọ́pò rẹ̀, wọ́n parí ìdìbò náà ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá, ẹjọ́ sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ, tó fi ìdí Bello múlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016.

Ká ní ẹnì kan kọ ìtàn yìí jáde ní 2014, pẹ̀lú iye ìbò wọ̀nyẹn gan-an, àsọdùn ni ọ̀pọ̀ ìbá pè é. Síbẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ tìtorí èyí fọwọ́ rọ́ òǹkàwé tó ráhùn sẹ́yìn. Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lójú ayé kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó ṣẹlẹ̀. Ti inú ìwé gbọ́dọ̀ ní ibi tí a ti ń gbóòórùn rẹ̀ bọ̀: ọwọ́ olùdíje tó ń gbọ̀n nígbà tó di máíkì mú, dókítà tó ń tẹ̀ lé e kiri láìsí ẹni tó sọ ìdí. Bí irú èyí kò bá sí, òǹkàwé á ní “kò ṣeé gbà gbọ́”, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń wí ni pé wọn kò pèsè ọkàn òun sílẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn òǹkàwé ń sọ nípa irú ìwé yìí, èyí ni a máa ń ṣì túmọ̀ jù. Bí ẹ bá rí “kò ṣeé gbà gbọ́”, ẹ wo ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí ó bá dárúkọ òfin, ibi tí nǹkan wà tàbí iye, ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ ló ń bá jà. Bí ó bá ní “lójijì” tàbí “láti ibi tí a kò retí”, iṣẹ́ ọwọ́ òǹkọ̀wé ló ń bá wí.

Àṣìṣe ibi tí nǹkan wà kò le láti rí fún ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ká ní ìwé wa sọ pé wọ́n dá ọmọbìnrin náà dúró lórí afárá Jamata nígbà tó ń ti Kàbà lọ sí Lọ́kọ́ja. Òǹkàwé tó wà ní London kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe. Ará Kàbà á pa ìwé dé. Ọ̀bàjànà ni wọ́n ń gbà, wọn kì í sọdá odò Ọya rárá, torí ẹ̀gbẹ́ kan náà ni ìlú méjèèjì wà. Ojú ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Àbújá ni Jamata wà. Ẹni tó ń ti ìhà Ìdàh tàbí Ankpa bọ̀ ló ní odò láti sọdá, afárá Ìtòbẹ̀ sì wà fún un. Ṣé irú àṣìṣe yìí tó ohun tí a ń yọ ìràwọ̀ lé lórí? Bí afárá náà kàn jẹ́ ohun tí ọkọ̀ kọjá lórí rẹ̀, ká gbójú fò ó. Bí ó bá jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti gba ìwé èsì lọ́wọ́ rẹ̀, tí gbogbo ìtàn sì dúró lé e, àṣìṣe náà kì í ṣe kékeré mọ́.

Ìwé èsì yẹn pàápàá ní ìbéèrè tirẹ̀. Lábẹ́ òfin ìdìbò, lẹ́yìn tí ọ̀gá ibùdó ìdìbò bá ti ka ìbò tán, á kọ èsì sínú fọ́ọ̀mù EC8A, á fọwọ́ sí i, á fún aṣojú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan àti ọlọ́pàá tó bá wà níbẹ̀ ní ẹ̀dà tiwọn. INEC tún ní ojú òpó IReV, níbi tí wọ́n ń gbé àwòrán fọ́ọ̀mù náà sí. Nítorí náà, olè tó jí ẹ̀dà kan ṣoṣo lójú ọ̀nà kò tíì jí nǹkan kan. Òǹkàwé tó bá tọ́ka sí èyí ti rí ihò ńlá nínú ìtàn náà, kódà bí ó bá fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin nítorí pé eré sísá inú rẹ̀ dùn ún. Ohun tí òǹkọ̀wé ì bá ṣe kò ṣòro: kó jẹ́ kí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí IReV, kí wàhálà sì jẹ́ èwo ni ojúlówó.

Púpọ̀ nínú irú ìwé yìí tó ń dé ọ̀dọ̀ wa, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ ọ́, àwọn òǹkàwé wa a sì máa pe ohun tó bá òfin ibẹ̀ mu ní irọ́. “Báwo ni àwọn mínísítà ṣe lè gba agbára lọ́wọ́ Ààrẹ?” Àtúnṣe kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí ìwé òfin wọn, láti ọdún 1967, gbà á láyè: bí igbákejì Ààrẹ àti èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn mínísítà bá kọ̀wé pé Ààrẹ kò lè ṣiṣẹ́, igbákejì gba ipò lójú ẹsẹ̀. Bí Ààrẹ bá ta kò ó, tí wọ́n sì tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ wọn, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé ìgbìmọ̀ méjèèjì ni wọ́n nílò, láàárín ọjọ́ 21. Tiwa wà ní abala 144, ó sì gba ọ̀nà mìíràn: ìdá méjì nínú mẹ́ta ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà, lẹ́yìn náà dókítà márùn-ún láti yẹ̀ ẹ́ wò. Òǹkàwé tó fi 144 díwọ̀n ìwé Amẹ́ríkà yóò rí àṣìṣe níbi tí kò sí.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù lórí ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Àwọn kan máa ń yin ìwé nítorí pé ohun tó sọ padà ṣẹ. Chinua Achebe parí A Man of the People pẹ̀lú kí àwọn ológun gbàjọba. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966 ni ìwé náà jáde, oṣù yẹn gan-an, ní ọjọ́ 15, ni àwọn ológun gbàjọba ní Nàìjíríà, débi pé àwọn kan fura sí òǹkọ̀wé. Títí di òní, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ìwé náà kì í yé sọ èyí. Ṣùgbọ́n ohun tó mú un dára wà nínú rẹ̀ kí ọjọ́ 15 yẹn tó dé: olóṣèlú ibẹ̀ ṣeé fẹ́ràn ní ojú-ewé àkọ́kọ́, olùkọ́ tó ń sọ ìtàn náà sì ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ìwé tó bá ohun tó padà ṣẹ mu lè máà dùn ún kà rárá. Èyí tí nǹkan kan nínú rẹ̀ kò ṣẹ lè jẹ́ ojúlówó.

Ní ti ẹni tí ìwé ń gbè, ibẹ̀ ni irọ́ ti ń wọlé jù. Àwọn ènìyàn lè dá sí ìwé tí wọn kò kà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Elizabeth Gilbert, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, dá ìwé tuntun kan dúró torí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn fún un ní ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí Goodreads, ojú òpó tí àwọn òǹkàwé ti ń sọ èrò wọn nípa ìwé. Rọ́ṣíà ni ìtàn náà ti wáyé, ogun Ukraine sì ń lọ lọ́wọ́. Ìwé náà ṣì ku oṣù bíi mẹ́jọ kó tó jáde. Goodreads sábà máa ń jẹ́ kí ènìyàn fi ìràwọ̀ sí ìwé tí kò tíì dé ọjà. Bí ẹ ṣe máa mọ èrò ẹni tí kò ka ìwé: ó ń dárúkọ olóṣèlú ojú ayé ju àwọn ẹ̀dá ìtàn lọ, gbogbo ohun tó sọ wà lẹ́yìn ìwé, níbi tí àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ti ṣàlàyé rẹ̀, kò sí ohun kan láti àárín ìwé. Ìyìn náà lè rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń tẹ̀wé máa ń pín ẹ̀dà ọ̀fẹ́ kí ìwé tó jáde, òǹkàwé tó gbà á sì lè jẹ́ olóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó gba ọ̀fẹ́ kò fi owó ṣòfò, kì í fi bẹ́ẹ̀ bínú. Bí ẹ bá rí i tó kọ ọ́ pé ọ̀fẹ́ ni òun gbà á, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Kì í ṣe gbogbo ìráhùn òṣèlú la gbọ́dọ̀ dà nù o. Bí ìwé kan nípa Kogí bá ní ogójì ẹ̀dá ìtàn, tí àwọn ọmọ Okun, ìyẹn àwọn Yorùbá ìpínlẹ̀ náà, inú rẹ̀ sì jẹ́ awakọ̀ àti akọ̀wé nìkan, láìsí ẹyọ kan tó ní èrò tirẹ̀, láìsí ẹni tó mọ̀ pé Yàgbà yàtọ̀ sí Bùnú, òǹkàwé tó bínú ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Iṣẹ́ tí òǹkọ̀wé kò ṣe ló ń tọ́ka sí. Ohun kan náà ni bí ọ̀tá inú ìtàn kò bá ní ìdí kankan ju ìwà burúkú lọ.

Lórí bí wọ́n ṣe sọ ìtàn, ibi tí ìráhùn bọ́ sí ló ṣe pàtàkì. “Ó lọ́ra ní ìbẹ̀rẹ̀” wọ́pọ̀, kò sì burú tó bó ṣe ń dún. Òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ti yí padà láàárín òní àti 2035 kí eré tó bẹ̀rẹ̀. “Ó sú mi láàárín” ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù, torí pé ibẹ̀ ni ewu yẹ kó ti máa pọ̀ sí i. “Ìparí rẹ̀ kò parí” gba ìṣọ́ra. Àwa tí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tọ́ dàgbà, láti Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969, a máa ń retí kí ọwọ́ tẹ ọ̀daràn. Ìtàn òṣèlú ọjọ́ iwájú sábà máa ń fi agbára sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó jí i. Òǹkàwé tó retí ẹ̀wọ̀n á yọ ìràwọ̀ méjì, ìwé kò sì ṣẹ̀ ẹ́.

Ìṣirò ìràwọ̀ kò gba àkókò. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá kà á, tí márùn-ún fún un ní 5, tí márùn-ún fún un ní 1, àròpín rẹ̀ jẹ́ 3. Bí àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá fún un ní 3, 3 náà ni. Èkejì lè jẹ́ ìwé tí kò mú ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Àkọ́kọ́ ti bá ènìyàn jà. Ẹ má wo àròpín nìkan, ẹ wo bí wọ́n ṣe pín. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́kọ́ ka àwọn tó fún un ní 2, 3 àti 4. Àwọn ló máa ń sọ ohun tó dùn àti ohun tí kò dùn pa pọ̀. Mẹ́fà nínú irú wọn tó láti mọ ìwé náà, bí ẹ bá ń fi ìbéèrè mẹ́ta yẹn yà wọ́n sọ́tọ̀.

Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ kọ èrò yín, ìpínrọ̀ mẹ́ta tó: ọ̀kan fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má pò wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá ní nǹkan kan kò lè ṣẹlẹ̀, ẹ dárúkọ abala òfin, ọ̀nà tàbí iye tó ta kò ó. Bí ẹ bá ní òǹkọ̀wé ń gbè ẹnì kan, ẹ tọ́ka sí orí ìwé tó ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má sọ ẹni tó kú lẹ́yìn ìdajì ìwé. Kí ẹ sì kọ oṣù àti ọdún tí ẹ kà á sí ìsàlẹ̀, nítorí pé ẹni tó kọ “Ààrẹ kò ní dán an wò” ní oṣù kejì ọdún 2025 àti ẹni tó kọ ọ́ ní oṣù kẹrin kò sọ ohun kan náà.